Ọdún Tí Ìyá Àgbà Dá Ihò Sí Owó Wúrà

Ilé Bàbá Àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í dákẹ́. Láti ìdájí ni ẹ ó ti máa gbọ́ odó Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé, nítorí ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gún un kó tó ṣeé tà. Bí odó bá dákẹ́, àwọn ewúrẹ́ á gbà á; bí ewúrẹ́ bá dákẹ́, àwọn ọmọ kéú ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké wàláà wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lọ́nà oko. Ìgbà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń rọlẹ̀, ìyẹn ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Bàbá Àgbà bá ti mọ́sálásí dé, tó jẹ ìrẹsì àti wàrà díndín rẹ̀ tán. Á ti ilẹ̀kùn pálọ̀, á tẹ́ ẹní, á tẹ́ aṣọ funfun lé e, á wá kígbe láti inú ilé pé, "Ẹ má gún nǹkan kan o! Ẹ má gbálẹ̀ o! Mo fẹ́ kó wọn síta." Gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́ kó síta. Àwọn owó wúrà rẹ̀ ni. Ìyá Àgbà á fi ọmọ odó ti ògiri, á nu ọwọ́ sára ìró, á sì sọ fún mi pé, "Àṣàkẹ́, wá jókòó. Àwọn orogún mi ti jáde."

Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìyá mi, Rìsíkátù, tó jẹ́ ọmọ wọn, lóyún ìbejì ní ọdún yẹn, wọ́n sì ní kó máa sinmi, ni wọ́n bá kó èmi àti àpótí aṣọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bàbá Àgbà ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà. Lọ́rì ló fi ń kó obì lọ sí Kánò láyé ìgbà tó ń wakọ̀, a sì máa kọjá Kánò títí wọ ilẹ̀ àwọn tó ń da ràkúnmí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sámúẹ́lì ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n jọ ń wa lọ́rì náà. Bí ọ̀kan bá ń sùn, èkejì á gba ìdí ọkọ̀. Nínú àwọn ọjà tó wà lẹ́bàá aginjù yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí owó wúrà ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń ná nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí òyìnbó ní ilẹ̀ wa. Kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Kò sí orí ọba lára rẹ̀. Kìkì lẹ́tà Lárúbáwá ló yí i po níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fi èrè obì ra ilẹ̀, wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn méjèèjì fi tiwọn ra owó tí kò ṣeé ná.

Mẹ́rin ni Bàbá Àgbà ní, Sámúẹ́lì ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù, tó sì pẹ́ jù láyé, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rí i lọ́wọ́ ọkùnrin aginjù kan tó fi láwàní bojú, kò sí ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Wọ́n bá jọ rà á. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ọmọ. Ọmọ a lo oṣù mẹ́fà ní Ọ̀yọ́, a lo oṣù mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún èkejì. Bàbá Àgbà ló gbọ́ Lárúbáwá, òun ló lè ka orúkọ ọba tó ni owó náà. Sámúẹ́lì ló ní awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Ọ̀kan ní ìmọ̀ lẹ́tà, èkejì ní ojú, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí owó kan náà látìgbà tí ìyá mi ti wà ní ìkókó.

Òfin Bàbá Àgbà le. A kì í fọwọ́ kàn án ní ojú, etí rẹ̀ nìkan la fi ń dì í mú. A kì í fọ̀ ọ́. A kì í nù ún. Mo rántí ọjọ́ tó ń ṣàlàyé fún mi, tí Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Ìdọ̀tí ara rẹ̀ gan-an," ni Bàbá Àgbà wí, "ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn ọba ni. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, ó ti fọ ọba nù." Ìyá Àgbà wò ó bí ìgbà tí wọ́n bú iṣẹ́ ìran rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń bá ìdọ̀tí jà, ẹnì kan wá jókòó sórí ẹní, ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Kò sọ nǹkan kan. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, tí mo ti gbé ilé ọkọ, mo mọ̀ pé obìnrin tó bá dákẹ́ báyẹn ti ń ro nǹkan kan.

Bàbá Àgbà kò gbẹ́kẹ̀ lé báńkì. Inú ilé ló ń fi wọ́n pa mọ́ sí, ó sì máa ń pààrọ̀ ibẹ̀ nígbà gbogbo: inú ìkarahun rédíò tó ti bàjẹ́, inú bàtà òjò, inú agolo mílíìkì tó so mọ́ àjà. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá Àgbà mọ gbogbo rẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀ tó bá dé ìdí bàtà òjò, á kí wọn, "Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ìyálé mi," á sì gbálẹ̀ lọ.

Ìyá mi bí ìbejì láyọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, Bàbá Àgbà lọ gẹ irun, Ìyá Àgbà sì ki ọwọ́ bọ inú rédíò, ó mú Ọmọ jáde bí ẹni mú iyọ̀ nínú àwo. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó bu ọṣẹ dúdú tó dára jù, ó sì fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ tójú tẹ̀yìn. Mo dúró tì í, ẹnu mi kò lè pa dé. Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n ní ìdọ̀tí àwọn ọba ni." Ó ní, "Ọba ńkọ́? Ọba kì í wẹ̀?" Omi tó dànù dúdú bí omi aró. Nígbà tó yọ Ọmọ jáde, ó ń kọ mànà débi pé adìyẹ kan sáré wá wò ó. A gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Làtí, alágbẹ̀dẹ wúrà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Làtí dì í mú, ó wò ó, ó ní, "Ìyá, ẹ rò ó dáadáa o, nǹkan àtijọ́ nìyí." Ìyá Àgbà ní, "Èmi náà, nǹkan àtijọ́ ni mí. Lù ú." Ó lù ú. Ó fi òrùka tín-ín-rín sí i, ó sì so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n kan tó yá wa.

Ní ọjọ́ kejì, nílé bàbá mi, àwọn àlùfáà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ. Bàbá Àgbà wà láàárín wọn, ó la ọwọ́, ó di ojú. Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé, ó wọ léèsì aláwọ̀ omi, ọrùn rẹ̀ tí mo ti ń rí ní òfìfo láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n sì ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú ìbejì. Ìgbà náà gan-an ni Bàbá Àgbà la ojú. Mo rí i bó ṣe wo ọrùn náà, tó wo òkè, tó tún wo ọrùn náà. Lójijì ló lọ́gun láàárín àdúrà pé, "Yéè! Ọmọ mi! Ọmọ mi o!" "Àmín!" ni gbogbo ilé dáhùn. Olórí àwọn àlùfáà gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́ bí bàbá ṣe fẹ́ràn ọmọ rẹ̀! Ọlọ́hun yóò dá a sí fún yín, Bàbá!" "Àmín!" Omijé ti bọ́ lójú Bàbá Àgbà, omijé gidi. Àwọn èèyàn ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ìyá mi náà bú sẹ́kún, ó ní òun kò mọ̀ rí pé bàbá òun fẹ́ràn òun tó báyìí. Kí ni Bàbá Àgbà lè wí? Ó ń nu ojú, ó ń ṣe àmín. Ìyá Àgbà ń jó.

Nígbà tí a délé, Bàbá Àgbà kò lè jẹun. Ó gbé Ọmọ lé àtẹ́lẹwọ́, ó fa igi ìgbálẹ̀ kan, ó kì í bọ inú ihò, igi ìgbálẹ̀ sì yọ lódìkejì. Ó ní, "Ìyá Rìsí, ta ló fún yín láyè láti lu Ọmọ?"

Ìyá Àgbà ń ká léèsì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ ni. Ọmọ obìnrin wo ni wọn kì í lu etí fún?"

"Wúrà ayé àtijọ́ ni! Owó ni!"

"Mo mọ̀ pé owó ni. Kọ́bọ̀ tí mo fi ra ẹ̀kọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ńkọ́? Ìjọba òyìnbó fúnra wọn ló dá ihò sí i láàárín gbùngbùn, ó sì ná dáadáa."

Bàbá Àgbà tún wo ihò náà. Lóòótọ́, òun náà ti so kọ́bọ̀ oníhò mọ́ okùn rí. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, "Kí ni mo fẹ́ wí fún Sámú?" Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Sámúẹ́lì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un nínú àwọn tí wọ́n jọ rìn lójú ọ̀nà. Àwọn yòókù ti kú, tàbí ọkọ̀ ti pa wọ́n. Ọjọ́ tí Ọmọ fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń súnmọ́lé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a di oníṣègùn owó. Làtí ní òun lè fi iná dí i, Bàbá Àgbà ní iná kò gbọdọ̀ kàn án. Ó kọ́kọ́ fi ṣíńgọ́ọ̀mù tèmi dí i, èyí tí mo ń jẹ lọ́wọ́, ó kàn ní kí n tu ú sílẹ̀ ni. Èèrà fi ọjọ́ kan ṣoṣo rí i. Nígbà tó yá, ó wá ìda oyin, ó pò ó mọ́ àtalẹ̀ pupa, ó fi kún un ní ìyẹ̀fun wúrà tó ha kúrò lára káàdì ìgbéyàwó. Èmi ló ń pè kí n wá bá òun wo àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. Bí mo bá ní ó pupa jù, á dín àtalẹ̀ kù. Nígbà tó ṣe é tán, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín, ẹ kò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: bí ooru bá mú un, ó ń rọ̀.

Bó ṣe di pé kúlà oníyìnyín ni Ọmọ bá rìnrìn àjò nìyẹn. Àwa mẹ́ta la wọ bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí Ìyá Àgbà ní òun náà ń lọ, ó di ọṣẹ fún ìyàwó Sámúẹ́lì. Bàbá Àgbà gbé kúlà lé itan, ó dì í mú bí ẹyin. Obìnrin kan tó jókòó tì wá wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ gbé?" Bàbá Àgbà, tó fẹ́ kó dákẹ́, ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò dákẹ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní ikọ́ kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ní eékún ń ro òun. Kí á tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ọkọ̀ ti ń pè é ní dókítà, dírẹ́bà sì ń fi dígí wo ẹ̀yìn, ó ń bèèrè nípa ìgbẹ́ gbuuru. "Ẹ máa mu omi gbígbóná," ni Bàbá Àgbà ń wí fún gbogbo wọn, òógùn ń bò ó. Ìyá Àgbà kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Sámúẹ́lì, tí èmi ń pè ní Bàbá Sámúẹ́lì, jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Ó ga, ó tín-ín-rín, sùtánà funfun ló wọ̀ nígbà tí a dé, kò wọ bàtà. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n pe ara wọn ní oríṣiríṣi orúkọ tí mi ò gbọdọ̀ kọ síbí. A jẹ iyán. Bàbá Àgbà jẹ iyán náà bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán láéláé. Ó bèèrè ìròyìn gbogbo ènìyàn tó mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn tí kò mọ̀. Níkẹyìn Bàbá Sámúẹ́lì dìde, ó sọ fún Bàbá Àgbà pé, "Ráímì, ó tó. Ẹ jẹ́ ká wo Ọmọ." Yàrá àdúrà ni wọ́n ti máa ń wò ó. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, iná mànàmáná kò sì sí lọ́jọ́ náà. Bàbá Sámúẹ́lì tan àbẹ́là.

"Sámú, ká ṣe é níta," ni Bàbá Àgbà wí. "Oòrùn wà."

"Níta kẹ̀? Kí gbogbo àdúgbò wá bá wa ṣọ́ ọ? Gbé e wá, jàre."

Ó fi awò sójú ọ̀tún, ó gbé Ọmọ sún mọ́ àbẹ́là. Ó ní, "Ó mọ́ jù. Kí ló dé tó fi mọ́ báyìí?" Bàbá Àgbà ní ìyípadà ojú ọjọ́ ni. Bàbá Sámúẹ́lì yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tún gbé e sún mọ́ iná sí i. Mo rí i kí àwọn méjèèjì tó rí i: ẹ̀kán kan, tó pọ́n bí oyin, ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ sí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ráímì," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Hẹn-ẹn."

"Mo ń rí imú rẹ."

"Iwájú rẹ náà kọ́ ni mo wà ni?"

"Inú owó ni mo ti ń rí i."

Ariwo tó sọ lẹ́yìn náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní ìlú kejì, ní Ìrẹsà. Ó ní Ráímì ti pa Ọmọ. Ó ní ọ̀rẹ́ àwọn ti tán lónìí, kí ẹnì kan bá òun wá ayùn, kí wọ́n là á sí méjì, kí olúkúlùkù mú ìlàjì tirẹ̀, kí wọ́n má sì pàdé mọ́ títí di ọ̀run. Bàbá Àgbà dúró bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fẹ́ nà. Mo dúró mọ́ ògiri, ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Ó sọ fún Bàbá Sámúẹ́lì pé, "Ẹ má bínú sí i, Bàbá Joṣúà. Èmi ni mo lù ú. Ẹ̀wọ̀n ọrùn kan wà tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Wúrà ni. Ìdè rẹ̀ já, Bàbá Rìsí ní òun á gbé e lọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ Kánò kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Ó bọ̀, ó ní wọ́n jà á gbà lọ́nà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àbí wọ́n jà á gbà?"

Bàbá Sámúẹ́lì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Àgbà náà wo ẹsẹ̀ Bàbá Sámúẹ́lì. Gbogbo wa wá ń wo ẹsẹ̀ náà.

"Mo ti mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ẹ̀wọ̀n mi ló wà nínú owó tí ẹ fi ra Ọmọ, ẹ kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Mo ní kí n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ lójú mi, kí ọrùn mi má ṣófo. Òun náà nìyẹn."

Bó ṣe dákẹ́ ni ohùn kan ti ilé ìdáná wá. Ìyá Joṣúà ni, ìyàwó Bàbá Sámúẹ́lì. Ó wọlé pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́. "Ẹ dúró ná," ó ní. "Bí ẹ̀wọ̀n ni Bàbá Rìsí fi san tirẹ̀, kí lẹ fi san tiyín, Bàbá Joṣúà?" Bàbá Sámúẹ́lì tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọdún yẹn ni olè jí ẹ̀rọ ìránṣọ mi." Ohùn rẹ̀ ròkè. "Gbogbo ìjọ ló gbààwẹ̀ nítorí olè yẹn! A fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ṣáájú àdúrà! Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹsẹ̀ olè náà wú!"

Bàbá Sámúẹ́lì ní, pẹ̀lú ohùn kékeré, "Ó sì wú, Ìyá Joṣúà. Ẹ rántí pé mo tiro lọ́dún náà."

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, ó yọ gba imú jáde bí ìgbà tí ìkòkò bá hó. Bàbá Sámúẹ́lì náà bọ́ sí i, wọ́n wó lulẹ̀ sórí ẹní àdúrà, wọ́n di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Joṣúà mú Ọmọ nílẹ̀, ó fi èékánná yọ ìda tó kù, ó fa òwú funfun kan yọ, ó kì í bọ inú ihò, ó sì so ó mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní kí Ìyá Àgbà bá òun wò ó. Ìyá Àgbà ní ó bá a mu, ṣùgbọ́n kó fà á sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé láti òní lọ, àwọn méjèèjì ni yóò máa gbé Ọmọ fún ara wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè èrò àwọn ọkùnrin.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí wọ́n fi kú. Àwọn obìnrin méjèèjì di ọ̀rẹ́ débi pé àwọn ọkọ wọn ló ń bá wọn gbé báàgì. Lónìí, Dèbórà ọmọ Joṣúà àti èmi la jọ ni ín. Bó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, á ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ mọ́ ọn. Olùkọ́ fásitì kan bá mi wò ó rí. Ó ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, ó sì káàánú mi pé ihò yẹn ti ba iye owó rẹ̀ jẹ́ gidigidi. Ó bèèrè bóyá a mọ ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní, "A mọ̀ ọ́n dáadáa," mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ la bá padà sí Ọ̀yọ́. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ṣe bí ẹni sùn. Bàbá Àgbà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ní, "Ìyá Rìsí."

"Kí ni?"

"Nígbà tó wà lọ́rùn yín. Báwo ló ṣe rí?"

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Ó kọ́kọ́ tutù. Nígbà tó ṣe, ó gba ooru ara mi, mi ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́."

Bàbá Àgbà wo ìta, níbi tí àwọn igi ń sá padà sẹ́yìn. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ó ń gbóná. Gbogbo ọdún tí mo fi ní in, mi ò dì í mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí."